Ìwé Tí O Fi Pamọ́ Sórí Kọ́bọ́ọ̀dù Mi

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀,

Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ rẹ ńkọ́? Tèmi ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi títí di aago mẹ́fà lánàá, ó jẹ búrẹ́dì mẹ́ta, nítorí náà tó bá sọ fún ìwọ ìyá ẹ̀ pé ebi pa òun nílé mi, irọ́ ló pa. Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Inú mi dùn débi pé mo ti sọ fún obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ pé ọmọ mi ti di tíṣà. O ní tíṣà kọ́, pé ẹni tó ń ran tíṣà lọ́wọ́ ni ẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí ogún ọmọdé bá jókòó síwájú ẹ̀ tí wọ́n ń wò ó lẹ́nu, tíṣà ni.

Mo lè pè ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ọ́, wàá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, wàá ní, "Màmá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Tí mo bá sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù ránṣẹ́ sí ọ, mo mọ̀ pé o máa ń jẹ́ kó sáré, tí ohùn mi á wá dà bíi ti òròmọdìẹ. Lẹ́tà, o máa jókòó kà á ni.

O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ẹni tó ń bá mi kọ èyí ni Kẹ́mi, ìyá Ayọ̀mídé, tó ń gbé ní Ripple Road. Ó ṣe tíṣà nílé kó tó wá máa tọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dáa. Kó tó mú bíírò, mo sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ fún un. Mo ní, "Ìyá Ayọ̀, tí o bá ní kí n má sọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́." Ó ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́, kí Àǹtí Fọlákẹ́ lè mọ̀ pé mo mọ̀ sí i." Torí náà, ohun tí o máa kà níbí kì í ṣe òfófó.

Ohun tó fà á rèé. Ní Túsìdé tí o pè mí, tí ò ń bínú torí Tèmi sọ fún ọ pé mo gbé ìwé tí o fi pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù mi sílẹ̀, mo jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, torí etí mi. O ní, "Màmá, ẹ dá ìwé yẹn padà síbi tí mo gbé e sí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò dáa kí ọmọdé máa rí i. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kó fún mi níbi iṣẹ́ pé kí n kà fún àwọn ọmọ, márùn-ún ni màá kà. Ìkẹfà á wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé ẹ̀."

O ò mọ̀ pé Ayọ̀ wà lórí sófà, tó ń dúró de ìyá ẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé irun ẹ̀ tí o dì fún un ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ń fi ìka tọ ìlà orí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ìpàkọ́. Ó wá bi mí pé, "Gíránmà, ṣé Àǹtí Fọlákẹ́ ṣì máa di irun mi?"

O ò mọ ìdí tó fi béèrè, torí náà màá sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Irú ọmọ tó wà nínú ìwé yẹn ni Ayọ̀. Nígbà tí wọ́n bí i, ọmọkùnrin ni wọ́n pè é. Látìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀ ló ti ń sọ fún ìyá ẹ̀ pé ọmọbìnrin lòun. Ìyá ẹ̀ kọ́kọ́ rò pé eré ni, ó bá a wí, ó bẹ̀ ẹ́, ó gbààwẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ò jẹun mọ́, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyá ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n jẹ́ kó wọ aṣọ tó fẹ́, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọmọ ọdún méje ni báyìí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ló ṣì ń jẹ́.

Bóyá o ti gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀. Lọ mu omi, kí o padà wá gbé e. Mo ń dúró.

Èmi náà ò mọ̀ títí di Mọ́ńdè yìí. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ kí o gbọ́, torí àṣìṣe tèmi ló ṣáájú, ó sì burú ju tìrẹ lọ.

Sọ́ńdè tí o kó báàgì ìwé wá sọ́dọ̀ mi, mo rí ọ. O ṣí ọ̀kan, ojú rẹ le, o pa á dé. O gun àga ìdáná mi, o tì í sẹ́yìn ìkòkò ńlá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. O rò pé ẹ̀fọ́ ni mò ń ṣà. Ẹ̀fọ́ ni mò ń ṣà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò sí lára ẹ̀fọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìwé tí Fọlákẹ́ dìídì fi pamọ́ yìí, á jẹ́ pé òun ló dùn jù.

Ní Mọ́ńdè, mo kó Tèmi àti Ayọ̀ dé láti ilé ìwé. Òjò ń rọ̀, a ò lè dúró ṣeré ní Parsloes Park. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn. O mọ bí mo ṣe ń kàwé: àwòrán ni mo máa ń wò, ìtàn á sì máa wá sí mi lẹ́nu. Ìwé táwọn ọmọ yìí ti gbọ́ lẹ́nu tíṣà wọn, tí wọ́n bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi, wọ́n á ní tèmi dùn jù. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn. Mo gun àga, mo gbé ìwé sílẹ̀.

Ojú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ kan dúró sínú pálọ̀, wọ́n gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà òjò pupa. Ajá kan tí etí ẹ̀ kan dúdú dúró tì í. Fọ́tò ọmọ náà wà lára ògiri, wọ́n so táì mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní, "Ọmọkùnrin kan wà, Délé lorúkọ ẹ̀." Ojú ìwé kejì, ọmọ náà ń wo ara ẹ̀ nínú dígí, inú ẹ̀ ò dùn. Mo ní orí ló ń fọ́ Délé. Ìkẹta, ó wà lábẹ́ tábìlì, òun àti ajá. Mo ní àìsàn náà ti wọ ọ́ lára. Ìkẹrin, bàbá àti ìyá kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ síwájú. Mo ní wọ́n ń gbàdúrà. Mo fi itọ́ ra àtàǹpàkò mi, mo ṣí ìwé, ògiri ni mo rí. Fọ́tò ti kúrò níbẹ̀. Ìṣó nìkan ló kù, àti ojú ibi tí fọ́tò wà tẹ́lẹ̀, tó funfun ju ògiri yòókù lọ.

Fọlákẹ́, níbi tí wọ́n ti bí mi, ta ló ń yọ fọ́tò ọmọ kúrò lára ògiri? Ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, tí kò lè máa wo ojú ẹ̀ ni.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Délé kú." Mo ní ìyá ẹ̀ sunkún, bàbá ẹ̀ sunkún, ajá ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣí èyí tó kàn, ọmọbìnrin kan rèé nínú aṣọ yẹ́lò, ó wọ bàtà òjò pupa, ajá ń lá a lọ́wọ́, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Mo rí bàtà yẹn o. Ojú mi rí i kedere. Mo ní, "Ọlọ́run wá fi ọmọbìnrin ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì gbé bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fún un." Ìtàn náà gún régé. Orí mi wú.

Tèmi ní, "Gíránmà, ajá yẹn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Ajá ìdílé ni, gbogbo wọn ló mọ̀."

Ayọ̀ ń fi ìka tọ bàtà pupa inú ìwé náà yípo. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Kò kú. Òun náà nìyí. Bàtà ẹ̀ nìyí."

Mo ní, "Rárá, olówó mi, àbúrò ẹ̀ nìyẹn."

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Èmi náà ò kú, Gíránmà."

Mo ti ń sọ ìtàn látìgbà tí mo ti ní eyín lẹ́nu. Ọmọdé ti bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè, kò sí èyí tí mi ò fèsì sí. Lọ́jọ́ yẹn, mo pa ìwé dé, mo fún wọn ní bisikíìtì.

Nígbà tí Kẹ́mi wá mú un, ó rí ìwé lórí tábìlì, ó rí ojú ọmọ ẹ̀, ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Ó ka ìwé náà fún mi, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ojú ìwé méjì ni àtàǹpàkò mi ṣí pọ̀. Mo fo ọ̀kan. Nínú èyí tí mo fò yẹn, ìyá náà gun àpótí, ó ń yọ fọ́tò kúrò lára ìṣó, ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló di àpótí mú kí ìyá ẹ̀ má baà ṣubú, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé fọ́tò tuntun sábẹ́ apá, ó ń dúró kí wọ́n kàn ráyè gbé e kọ́.

Kẹ́mi wá sọ ohun tí ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí fún mi. Ìdí tí wọ́n fi kúrò lápá Peckham ni pé ìyá ọkọ ẹ̀ dúró láàárín pálọ̀ wọn, ó ní ọmọ-ọmọ òun ti kú, pé òun ò mọ ẹni tó wà nínú gáùn yìí. Ayọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ohun tí obìnrin yẹn fi ìbínú sọ, èmi ni mo tún fi ìtàn sọ fún un, pẹ̀lú ohùn dídùn, lórí sófà mi.

Kẹ́mi fẹ́ gbé bíírò sílẹ̀ ná. Ó fẹ́ lọ gbé omi ka iná. Jẹ́ ká dúró dè é.

Ó ti dé. Ó ní kí n sọ nípa ògiri ilé òun. Kí n tó mọ gbogbo èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ilé ẹ̀, mo wo ògiri bí mo ṣe máa ń wo ògiri gbogbo ènìyàn. Fọ́tò ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Fọ́tò Ayọ̀ wà níbẹ̀ láti ọmọ ọdún márùn-ún. Fọ́tò ìkómọ ò sí, ti ọmọ ọwọ́ ò sí. Ilé Yorùbá wo lo dé tí wọn ò gbé fọ́tò ìkómọ kọ́? Mo parí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé obìnrin yìí ti sin ọmọ kan. Mo dì í mú lọ́wọ́, mo ní, "Ìyá Ayọ̀, Ọlọ́run tó mú ti ìṣáájú lọ á dá èyí sí fún ọ." Ó wò mí bí ẹni tí mo da omi tútù lé lórí, ó ní, "Àmín, Màmá." Odindi ọdún kan ni mo fi ń gbàdúrà ìtùnú fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lórí ọmọ tó wà nílé mi tó ń jẹ búrẹ́dì.

Kẹ́mi ń rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kọ ọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àmín lòun ṣe torí kò sí nǹkan mìíràn tó wá sí òun lẹ́nu. Fọ́tò ìkómọ náà wà nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀, lẹ́yìn káàdì bọ́ọ̀sì. Ó fi hàn mí. Orí ọmọ náà tóbi.

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí. Àṣìṣe mi ni màá fi gbà ọ́, torí àwọn ni mo mọ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́, ka ohun tó wà nínú ìwé. Mo ti ṣe irú èyí rí kí a tó bí ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, mo parọ́ fún ìyá ẹ̀ pé mo dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé mo ka ìwé mẹ́ta kí wọ́n tó yọ mí. Ojú ló ń tì mí. Bàbá rẹ wà ní Kaduna, Rísí àbúrò ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Ìyá ọkọ mi gbé e fún mi níwájú gbogbo ilé, ó ní, "Ìyàwó, kà á fún wa." Mo ṣí i, mo wò ó, mo bẹ̀rẹ̀: ó kí gbogbo ilé, ara wọn le, Rísí ti sanra, wọ́n ń bọ̀ lópin ọdún. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó jó. Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀wé kan yà sílé wa, ó rí lẹ́tà, ó kà á. Rísí ló ń ṣàìsàn, wọ́n ní kí ìyá ẹ̀ tètè máa bọ̀. Nígbà tó fi máa dé Kaduna, Rísí ti gbádùn. Ṣùgbọ́n títí dòní, Rísí á máa sọ ọ́ pé òun sùn síbẹ̀, òun ń wo ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ìyá òun ò wọlé. Mi ò jẹ́wọ́ fún un rí. Yàtọ̀ sí Kẹ́mi tó ń kọ ọ́ yìí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Tí o bá ka ìwé márùn-ún tí o fo ìkẹfà, ọmọ kan lè wà nínú ogún yẹn tó jẹ́ òun ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí. O ò ní mọ̀ ọ́n. Á kàn jókòó síbẹ̀, á máa wo ilẹ̀kùn.

Èkejì, nípa ọ̀rẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí o sọ fún mi lórí fóònù pé ó ní tí o bá kà á, o ti fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Mo wo ìwé márùn-ún yòókù. Nínú ọ̀kan, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì. Nínú òmíràn, ọmọ kan ń gbé inú òkun pẹ̀lú ẹja. Tèmi ti rí méjèèjì, kò tíì di ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù omi débi pé ìjà ni ká tó fọ irun ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn Délé fún un bó ṣe yẹ, ohun tó sọ ò ju pé òun fẹ́ irú bàtà yẹn.

Ẹ̀kẹta. Èyí ṣòro fún mi láti sọ. Ọwọ́ òsì rẹ.

Nígbà tí o wà ní kékeré, ọwọ́ òsì lo fi ń mú ṣíbí, òun lo fi ń gba nǹkan. Àwọn ènìyàn ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní irú ọmọ wo ni mò ń tọ́ tó ń fi ọwọ́ ìdọ̀tí gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo fi gèlè mi so ọwọ́ náà mọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí a bá ń jẹun, màá so ó. Nígbà tó yá, tí o bá ti rí gèlè, o á kọ́kọ́ fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ. Mo rò pé mo ti ṣe àṣeyọrí. Ní Kérésì tó kọjá, a jókòó jẹun nílé rẹ, ìwọ obìnrin tó ti lọ́mọ, àlejò wọlé, mo rí i tí o yára gbé ṣíbí sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ọbẹ̀ sì dà sí ọ láṣọ. O nu ún, o rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ rí. Mo ń tọrọ ẹ̀ báyìí. Ọmọ mi, dárí jì mí.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọ̀rọ̀ Ayọ̀ rí bákan náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú àwọn tó ń wò mí ni mo tọ́jú lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, mi ò tọ́jú ọmọ mi. O sì mọ ọwọ́ tí o fi ń dirun. Òsì ni. Òun ló jẹ́ kí ìlà rẹ máa tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kẹ́mi ní ẹ̀kẹrin ló kàn. Tí o bá fẹ́ kà á, jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, má dúró lé wọn lórí. Kà á bí o ṣe ń ka ti ẹlẹ́dẹ̀. Má rẹ ohùn sílẹ̀, má fa ojú ro. Èmi rẹ ohùn sílẹ̀, ohun tí mo sì fi kọ́ wọn ni pé òkú ti wọlé. Má sì wo ojú ọmọ kan ju òmíràn lọ, ká má lọ fi ojú tọ́ka sí ẹni tí kò sọ pé kí á tọ́ka sí òun. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Ọmọdé ò ní bínú sí ìyẹn.

Tí òbí kan bá wá bá ọ, tí inú ń bí i, má bá a jà. Ìwọ náà bínú ní Túsìdé. Fún un ní àga, gbé ìwé náà fún un kó ṣí i fúnra ẹ̀, kó má fo ojú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà, kó sọ èyí tó bá fẹ́ sọ.

Èyí tó kù, mi ò ka iye ẹ̀ mọ́. O máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é pẹ̀lú àdúrà. Ní Wẹ́síńdé, mo wọ sùtánà mi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run kó yí ọmọ náà padà. Ẹnu mi ò gbé e. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ, ohùn ìyá Peckham yẹn ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ohun tó jáde ni pé, "Ọlọ́run, jẹ́ kó dàgbà." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo dìde. Mi ò ní purọ́ pé gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Ó ṣì ku èyí tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ó máa ń gé etí búrẹ́dì sọ́tọ̀, kó wá jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé tí Tèmi bá ṣubú, òun ló ń kọ́kọ́ sáré. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Orí ẹ̀ ti wà láàárín orúnkún rẹ ju ogún ìgbà lọ.

Lánàá, Ayọ̀ ní kí n tún ìtàn náà sọ. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa, kó máa tọ́ mi sọ́nà. Òun ló ń ṣí ojú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ibi àpótí, Tèmi ní kí n mú kí ajá gbó, mo gbó. Ayọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó ṣubú lu Tèmi. Lẹ́yìn náà, ó tún béèrè nípa irun ẹ̀. Mo ní wàá wá ní Sátidé. Mi ò bi ọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ro irú ọmọ tí mo bí, mo sì sọ ọ́.

Kẹ́mi tún gbé bíírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo ní kó fi í kún un. Ó rò ó, ó ní rárá, pé ohun tí mo sọ ti tó, pé tí o bá wá, òun á se ìrẹsì.

Ìwé náà ò sí lórí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ó wà lórí tábìlì, ìyarun rẹ wà lórí ẹ̀. Mú un lọ síbi iṣẹ́ rẹ ní Mọ́ńdè, àwọn ọmọ náà ń dúró dè ọ́. Ọlọ́run á fún ọ ní ohùn, á fún ọ ní sùúrù, ibi iṣẹ́ náà á tù ọ́ lára. Kí ọkọ rẹ fún mi. Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ fìríìjì mi tó ní òun á bá mi tún ṣe kò tíì tán.

Tí o bá wọlé, wo ògiri pálọ̀ mi kí o tó jókòó. Wàá rí fọ́tò tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tèmi. Kẹ́mi ló yà á láìjẹ́ kí o mọ̀: Ayọ̀ jókòó sílẹ̀, ó di ojú, ìwọ wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyarun wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Mi ò yọ fọ́tò ẹnikẹ́ni kúrò kí n tó gbé e kọ́. Ìṣó tuntun ni mo kàn fún un.

Èmi ìyá rẹ ni.